Ajá Tó Ń Bọ̀ Láti Òkè Òkun sí Abẹ́òkúta: Ìtọ́sọ́nà lórí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára àti Ìwé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń múra láti gbé ajá bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Berlin ló máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó ọkọ̀ òfurufú àti irú àgò tí wọn yóò fi gbé e, tí wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sí ìkẹyìn nítorí pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ rí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni ọjọ́ tí ajá gba abẹ́rẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó gbà á, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú ṣíìpù kékeré tí wọ́n tì sábẹ́ awọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti iye ọjọ́ tó wà láàárín abẹ́rẹ́ ọ̀hún àti ìrìn àjò. Ajá tí ara rẹ̀ le koko lè di èyí tí wọ́n dá dúró ní pápákọ̀ nítorí ọjọ́ méjì péré tí kò pé. Nítorí náà, ọjọ́ ìrìn àjò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ wá máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kankan.

Àrùn tí gbogbo òfin yìí dá lé lórí

Dìgbòlugi ni. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń wà nínú itọ́ ẹranko ló ń fà á; ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé nígbà tí ajá bá gé ènìyàn tàbí ẹranko mìíràn jẹ, ó sì ń tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, yálà lára ènìyàn ni tàbí lára ajá, ekukáká ni a fi lè rí ẹni tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn náà ń pa lọ́dọọdún, tó jẹ́ pé Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń kú, àti pé ajá ló ń kó o ran nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn tó ń ní in. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọdékùnrin kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni a ti mọ̀ pé ó ṣeé dènà.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì fún wa. Ìjọba Nàìjíríà kò fẹ́ kí ajá àjèjì kó àrùn wọlé. Ṣùgbọ́n ewu tó tóbi jù fún ajá náà fúnra rẹ̀ ni pé ó ń kúrò ní ibi tí dìgbòlugi kò sí tàbí tí kò wọ́pọ̀, ó sì ń bọ̀ wá sí ibi tí àrùn náà wà lára ajá ìgboro. Ẹni tó bá rò pé ìwé lásán ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún kò tíì ro ti ọjọ́ tí ajá rẹ̀ yóò fo ọgbà jáde.

Ẹ ka ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà fúnra yín

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà ránṣẹ́, kí ẹ sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu pé ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí dìgbòlugi kò sí láàárín ajá, abẹ́rẹ́ àrùn yìí kò sí lára èyí tí dókítà ń fún ajá lọ́dọọdún. Ajá tó fẹ́ rìnrìn àjò nìkan ni wọ́n sábà máa ń fún. Ó lè jẹ́ pé ajá ti gbé ọdún márùn-ún ní Manchester, tí ìwé rẹ̀ kún fún òǹtẹ̀ dókítà, kó má sì tíì gba ẹyọ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kan rí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sọ abẹ́rẹ́ náà di dandan, nítorí náà ajá tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sábà máa ń ní in, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ má sí lára rẹ̀, tàbí kó jẹ́ irú ti àtijọ́ tí ẹ̀rọ ibòmíràn kò lè kà.

Ohun tí ẹ ó wá nínú ìwé náà ni orúkọ abẹ́rẹ́, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà tó wà lára ìgò rẹ̀ (ó dára kí bébà pélébé tí dókítà ṣí lára ìgò náà wà níbẹ̀), ọjọ́ tí wọ́n fún un, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí, àti ìbuwọ́lùwé pẹ̀lú òǹtẹ̀ dókítà. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà náà tún un ṣe nígbà tí ajá ṣì wà nítòsí rẹ̀. Láti Abẹ́òkúta, kò rọrùn láti mú dókítà tó wà ní Berlin kó wá fọwọ́ sí ìwé.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́

Máíkíróṣíìpù jẹ́ ohun kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ajá láàárín èjìká méjèèjì. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà bí àwọn kan ti ń rò. Nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí a bá gbé sún mọ́ ọn ló sì ń ka nọ́ńbà náà jáde. Èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà ni èyí tó bá ìlànà ISO 11784 àti 11785 mu, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 15.

Ọjọ́ tí ṣíìpù wọ ara ajá gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tàbí kí méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú ṣíìpù, lójú òfin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ náà kò ní ẹni tó gbà á, nítorí pé kò sí ohun tó fi hàn pé ajá tó wà níwájú òṣìṣẹ́ yìí ni ajá tó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn yóò ní kí ẹ fún un ní òmíràn, kíka ọjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ajá yín bá ti ní ṣíìpù tẹ́lẹ̀, kí dókítà fi ẹ̀rọ kà á kó tó fa abẹ́rẹ́ jáde nínú ìgò, kó sì kọ nọ́ńbà tó rí, kó má kàn wo ìwé àtijọ́ kó sì dà á kọ. Bákan náà, nígbà tí gbogbo ìwé bá pé, kí ẹnì kan máa pe nọ́ńbà náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn máa wò ó nínú ìwé abẹ́rẹ́, ìwé ẹ̀rí ìlera àti ìwé àṣẹ. Nọ́ńbà kan tó yí padà, bí 6 tó di 9, ti tó láti sọ ajá kan di méjì.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti bí a ṣe ń ka ọjọ́ rẹ̀

Ọmọ ajá kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí nígbàkúùgbà. Nínú ọmú àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ fún un ni ohun ààbò kan wà tó ń jà fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ohun ààbò yìí kan náà ló sì máa ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́ bí a bá tètè fún un. Ìdí nìyí tí Yúróòpù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mú ọ̀sẹ̀ 12 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí tó kéré jù lọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ọjọ́ 21 kọjá kí abẹ́rẹ́ náà tó di èyí tí wọ́n kà sí, nítorí pé ara ajá nílò àkókò láti kọ́ ààbò tirẹ̀. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 15 kò lè ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó pé lọ́nà yìí. Ẹni tó bá ń polówó ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti òkè òkun fún yín, tó sì ní gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé, ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Fún ti Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ìkówọlé tí ìjọba bá fún yín ni yóò to ohun tí wọ́n béèrè, iye ọjọ́ tó bá sì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Nínú ìṣètò, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí abẹ́rẹ́ náà ti pé ọjọ́ 30 ó kéré tán lọ́jọ́ tí ajá yóò wọ ọkọ̀ òfurufú, kó má sì tíì pé ọdún kan lọ́jọ́ tó bá balẹ̀ ní Ìkẹjà, kódà bó bá jẹ́ irú abẹ́rẹ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó ń lo ọdún mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó bá rí abẹ́rẹ́ ọdún kan ó lé díẹ̀ lè má fẹ́ gbọ́ àlàyé nípa ọdún mẹ́ta lóru ọjọ́ tí ẹrù pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín obìnrin fẹ́ gbé ajá rẹ̀ bọ̀ láti Manchester ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá kí wọ́n lè jọ ṣe Kérésìmesì ní Aṣẹ́rò. Bí a bá ka ọjọ́ 30 padà sẹ́yìn, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ti wọ ara ajá, ṣíìpù sì gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 21 ni ìwé béèrè, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ni òpin, nítorí pé a kì í ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n dókítà lè má ráyè lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́, ajá lè ṣàìsàn díẹ̀ kí wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ sàn, ìwé àṣẹ lè pẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó gbọ́n yóò ti parí abẹ́rẹ́ náà ní ìparí oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ tún yàtọ̀. Bí wọ́n bá fún un ní àtúngbà kí agbára èyí tó wà lára rẹ̀ tó parí, kò sí ìdúró kankan. Ààbò ń bá a lọ ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti kọjá, ìbáà ṣe ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ tuntun náà di abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 21 padà. Dókítà lè sọ pé ara ajá náà ṣì ní ààbò, òótọ́ sì ni ó máa ń jẹ́. Òfin kò wo ara. Ọjọ́ inú ìwé ló ń wò.

Àwọn abẹ́rẹ́ yòókù

Yàtọ̀ sí dìgbòlugi, ajá nílò abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tó ń dènà distemper, parvo, àrùn ẹ̀dọ̀ ajá àti leptospirosis. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ ajá, wọ́n á sì máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 tàbí kó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n rò pé ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé ohun ààbò láti ara ìyá ti tán nígbà náà.

Ẹ fi ojú pàtàkì wo méjì nínú wọn. Parvo, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún oṣù pípẹ́ lẹ́yìn tí ajá tó ní in ti kú. Bí ajá kan bá ti fi parvo kú nínú ọgbà yín rí, ẹ má ṣe mú ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé wọ ibẹ̀. Ẹ fi omi tí a po bílíìṣì mọ́ fọ gbogbo ibi tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, bílíìṣì kan sí omi ọgbọ̀n. Leptospirosis ní tirẹ̀ ń ti inú ìtọ̀ eku wọ omi ìdọ̀tí, ó sì ń ran ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí Odò Ògùn, ní apá Láfẹ́nwá, níbi tí omi máa ń kún ní ìgbà òjò, kò gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ yìí ṣeré, ọdọọdún sì ni a ń tún un gbà.

Bí ajá náà yóò bá tún padà lọ

Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ, nítorí pé ohun tí ẹ kò bá ṣe kí ajá tó kúrò lọ́hùn-ún yóò ná yín ní oṣù mélòó kan nígbà tó bá ń padà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ajá tó bá ti ibẹ̀ wá. Àyẹ̀wò náà ń wọn agbára ààbò dìgbòlugi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU nínú mílílítà kan, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. A kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà títí ọjọ́ 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, lẹ́yìn èyí ni ajá yóò tún dúró fún oṣù mẹ́ta, láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kó tó lè wọ Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n òfin Yúróòpù fi ọ̀nà kan sílẹ̀: bí ajá bá ṣe àyẹ̀wò yìí kó tó kúrò níbẹ̀, tí èsì rẹ̀ dára, tí dókítà sì kọ ọ́ sínú páásípọ́ọ̀tù Yúróòpù tó ní, ìdúró oṣù mẹ́ta náà kò kàn án nígbà tó bá ń padà. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo yìí lè sin ajá dé òpin ayé rẹ̀, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí ọjọ́ àtúngbà abẹ́rẹ́ kọjá ní ẹyọ ọjọ́ kan. Àwọn tó ń bọ̀ láti Jámánì, Ítálì tàbí Sípéènì fún ọdún kan tàbí méjì, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn yóò padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́hùn-ún.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í sábà hàn sí ènìyàn. Yúróòpù kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó jẹ́ kòkòrò ààyè tí wọ́n kàn sọ di aláìlágbára. Àwọn abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ayé, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúngbà ní Abẹ́òkúta fún ajá tí yóò padà sí Yúróòpù, ẹ bi dókítà bóyá kòkòrò tí a ti pa ni ó wà nínú ìgò náà, kí ẹ sì rí i pé orúkọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún hàn nínú ìwé.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ajá tó bá ń wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, kó ní ṣíìpù, kí ẹni tó ni ín sì kún fọ́ọ̀mù CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu ní ti dìgbòlugi láàárín ajá. Bí ajá bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìwé kan wà tó ń jẹ́rìí sí i, tí dókítà tí USDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ, tí USDA fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí kí ajá tó kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ajá tí kò bá ní ìwé yìí yóò di ẹni tí wọ́n kà sí pé ó gba abẹ́rẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, èyí tó túmọ̀ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti lílọ sí ibi ìtọ́jú ẹran tí CDC fọwọ́ sí. Bí kò bá ní èsì àyẹ̀wò tó dára, ọjọ́ 28 ni yóò lò ní ìyàsọ́tọ̀ níbẹ̀ lórí owó yín. Ìwé ayédèrú ló fa líle yìí: ní ọdún 2020, ajá tó ju 450 lọ ni CDC rí tí ìwé abẹ́rẹ́ wọn jẹ́ èké, èyí tó mú kí wọ́n dá ajá láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2021.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tún ń béèrè oògùn aràn tí dókítà fún ajá láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó débẹ̀.

Ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí ìlera

Ìwé méjì ni òkúta ìdí ilé. Àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ ìkówọlé, tí ìjọba àpapọ̀ ń fúnni. Ìpínlẹ̀ kò ní agbára rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì ní Òkè-Mosàn tó lè kọ ọ́ fún yín. Nigeria Agricultural Quarantine Service, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NAQS, ló ń ṣọ́ ẹranko àti irúgbìn tó ń wọlé ní ẹnu ibodè. Ẹ béèrè ìwé náà ṣáájú ìrìn àjò, kó sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún kó tó lọ rí dókítà fún ìwé kejì, nítorí pé inú ìwé àṣẹ ni dókítà yóò ti ka ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kó jẹ́rìí sí. Irú ajá, akọ tàbí abo, àwọ̀, ọjọ́ orí, nọ́ńbà ṣíìpù, ìlú tó ti ń bọ̀ àti pápákọ̀ tí yóò bà sí gbọ́dọ̀ bá ti ajá mu.

Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ìlera, tí dókítà ń kọ ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìrìn àjò lẹ́yìn tó bá ti yẹ ajá wò. Ìbuwọ́lùwé dókítà àdáni nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, dókítà tí USDA fọwọ́ sí ni yóò kọ ọ́, kí USDA tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà tí ìjọba yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Ní Jámánì, ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ọjọ́ tí ìwé yìí ń lò kúrú, torí náà bí ọkọ̀ òfurufú bá sún ọjọ́ síwájú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bóyá ìwé náà ṣì wúlò.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo rẹ̀. Ìwé gidi kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ajá rìn, ẹ̀dà kan kó wà nínú ike tí a so mọ́ àgò, òmíràn kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró ní Ìkẹjà.

Ọkọ̀ òfurufú, pápákọ̀ àti ọ̀nà Abẹ́òkúta

Àgò gbọ́dọ̀ gba ajá láti dìde dúró, láti yípo àti láti dùbúlẹ̀ bó ṣe wù ú, kó sì ní ojú afẹ́fẹ́ àti abọ́ omi. Èyí wà nínú ìlànà IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ kì í sì í fi falẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ bíi Bulldog àti Pug kì í mí dáadáa nínú ooru, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ kì í sì í gbé wọn sínú ikùn ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu.

Bí ajá bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹrù, ibi ìkẹ́rùsí ni yóò ti jáde, òṣìṣẹ́ NAQS yóò ka ìwé àti ṣíìpù rẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù yóò sì ṣe tiwọn. Ẹ yan ọkọ̀ tó ń balẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ajá tó bá balẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè sùn síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Òṣìṣẹ́ ní agbára láti dá ajá tí ìwé rẹ̀ kò pé dúró tàbí láti dá a padà, ẹ má sì ṣe rò pé ẹ ó fi owó ẹ̀yìn yanjú rẹ̀, nítorí pé ìwé tí kò pé lónìí ni ẹ ó tún gbé kalẹ̀ lọ́la.

Láti Ìkẹjà, ọ̀nà Ṣàngó Ọ̀tà àti Ìfọ̀ kúrú lójú máàpù, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín nínú oòrùn pẹ̀lú ajá tó ti jókòó wákàtí mẹ́wàá nínú àgò, ẹ ó kábàámọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà Ṣàgámù tó gba Ṣíún àti Kóbàpé wọlé. Kí ẹ̀rọ amútutù ọkọ̀ ṣiṣẹ́, kí omi wà.

Ajá tó gba ìdí ẹ̀yìn wọlé láti Kùtọnu

Òkè òkun nìkan kọ́ ni òkèèrè. Ìdí-Ìrókò wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ọ̀pọ̀ ajá olówó ńlá tí wọ́n ń tà fún ènìyàn ní ìlú wa ló sì ń gba ẹnu ibodè ilẹ̀ kọjá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Gánà. Òfin ìwé àṣẹ, abẹ́rẹ́ àti ìwé ẹ̀rí ìlera kan náà ló dé wọn. Bí ẹni tó ń ta ajá bá gbé ìwé abẹ́rẹ́ tó mọ́ tónítóní fún yín, ẹ gbé ajá náà lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ka ṣíìpù kí ẹ tó sanwó. Bí ṣíìpù kò bá sí, tàbí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ ka ajá náà sí èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé

Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má bá ajá ilé tàbí ti àdúgbò ṣeré. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran. Abẹ́òkúta rí ojú rere ní ti èyí, nítorí pé FUNAAB ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran àti ilé ìwòsàn ẹran rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé ajá náà dání kí wọ́n lè ṣí fáìlì fún un.

Ewu tí kò ní abẹ́rẹ́ níbí ni ẹ ó bi dókítà náà ní pàtàkì. Eégbọn ń gbé babesia àti ehrlichia tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀fọn sì ń gbé aràn tó ń wọ inú ọkàn ajá. Ajá tí wọ́n bí nílé lè ti bá àwọn àrùn yìí jà rí. Ti òkè òkun kò mọ̀ wọ́n rí, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí oògùn eégbọn ti wà lára rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì máa tún un ṣe bí dókítà bá ti sọ. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá di pupa tàbí bí èèrìgì rẹ̀ bá funfun, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí àsìkò àtúngbà bá tó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni abẹ́rẹ́ ń fẹ́, iná mànàmáná ìlú wa kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé; ilé ìwòsàn tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ni kí ẹ yàn. Bí ajá àdúgbò bá gé ajá yín jẹ, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà fún àtúngbà, kódà bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni wọ́n gé jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ tààrà, bíi Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Aba. Kí wọ́n má pa ajá tó gé e jẹ, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Inú ìwé kan náà tó bá ajá dé láti òkè òkun ni kí dókítà kọ àtúngbà sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣíìpù rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí òmíràn yóò tó sórí kàlẹ́ńdà nílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.